IGBA OJÚ TÍ Ń WO ỌMỌ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti àwọn olùtọ́jú ọmọ sọ ní Jákàńdè Estate, Ìsọlọ̀, lórí ṣíṣọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé jẹ́lé-ó-sinmi



Àwọn àgbà wa a máa wí pé ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Kò sí ẹni tí ó jókòó níhìn-ín tí kò gbọ́ òwe yìí rí, òtítọ́ ni ó sì jẹ́. Síbẹ̀ mo wá lónìí láti bá òwe náà jiyàn díẹ̀. N kò wá láti dójú ti àwọn tí ó pa á. Mo wá láti béèrè bí igba ojú náà ti ń ṣe iṣẹ́ wọn nígbà tí ọmọ kò bá sí nínú agbo ilé mọ́, tí ó wà nínú yàrá kan láàrin ọmọ 40 bí irú rẹ̀, tí obìnrin mẹ́ta péré sì ń tọ́jú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo agbo ilé àtijọ́. Ọmọ tí ń rákòrò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní olùtọ́jú tí a yàn fún un, síbẹ̀ ó ṣòro kí ó tó rí ìgbà tí ojú kan kò sí lára rẹ̀. Ìyá àgbà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, níbẹ̀ ni ó sì ń jókòó sí lójoojúmọ́. Ọmọ kò lè jáde kí ó má fi ara kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó ilé wà lẹ́bàá ààrò. Bí ọmọ bá sún mọ́ iná, òun ni yóò kígbe. Ẹni tí ń hun aṣọ wà lábẹ́ igi, ó kọjú sí kànga. Ẹ ṣàkíyèsí i pé igba ojú náà kì í wo ibi gbogbo. Olúkúlùkù ní ibi tirẹ̀. Àṣà àti ìjókòó ni ó ti pín ilẹ̀ náà fún wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní láti sọ ọ́ lẹ́nu. Òwe náà sì rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé ojú kọ̀ọ̀kan ní olúwa rẹ̀, olúwa rẹ̀ sì mọ ibi tí òun ń wò.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké dé àárín wa, ẹ̀rín ni àwọn ènìyàn wa fi sọ ọ́ lórúkọ: jẹ́ kí ilé ó sinmi, ẹ gbé ọmọ yìí lọ, kí ilé lè mí kanlẹ̀. Ní ilẹ̀ Jámánì, Friedrich Froebel, ẹni tí ó dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Blankenburg ní 1837, fún un ní orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọgbà àwọn ọmọdé ní 1840, nítorí ó rí ọmọ gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀gbìn tí a ń bomi rin. Orúkọ tiwa kò wo ọmọ. Ilé ni ó wò. N kò bá orúkọ náà wí, nítorí mo mọ ohun tí ó ń jí ìyá ní òru kí ó lè bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní Òṣòdì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé bá ń sinmi, ẹlòmíràn ni ó gba iṣẹ́ ilé náà ṣe.

Àwọn ilé tí ẹ ń gbé yìí, ìjọba Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti oṣù kẹwàá 1979 títí di òpin 1983, ni ó kọ́ irú wọn sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúgbò fún àwọn ènìyàn tí owó wọn kò pọ̀. A kọ́ wọn fún ìdílé: yàrá, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀, àti àtẹ̀gùn tí àwọn aládùúgbò jọ ń gùn. A kò kọ́ wọn fún ọmọ 40. Nígbà tí iṣẹ́ jìnnà sí ilé, tí ìyá àgbà sì wà ní ìlú òkèèrè, àwọn obìnrin káàkiri Èkó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí yàrá wọn sílẹ̀ láti gba ọmọ aládùúgbò, iṣẹ́ rere ni wọ́n sì ṣe. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò tàbùkù iṣẹ́ náà rárá.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà ní àgbàlá ilé jẹ́lé-ó-sinmi kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀. Obìnrin mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀lẹ nínú wọn. Ọ̀kan ń wọ bàtà fún ọmọ kan, èkejì ń nu imú òmíràn, ẹ̀kẹta ń bá mi sọ̀rọ̀. Mẹ́ruwà ti wá láàárọ̀, wọ́n sì ti rọ omi kún bokẹ́ẹ̀tì ńlá kan fún aṣọ fífọ̀. Ọmọ ọdún kan àti ààbọ̀ kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ranlẹ̀, lọ wo inú omi náà. Nígbà tí mo yí orí padà, ẹsẹ̀ méjì ni mo rí ní òkè. Kò sí igbe, omi kò sì ta sókè. Eṣinṣin kan ni ó bà lé mi létí tí mo fi yí orí. Bí eṣinṣin náà kò bá bà, n kò mọ ohun tí à bá máa sọ lónìí. A fà á jáde, ó wúkọ́, ó sọkún, ó yè. Nígbà tí ọkàn wa balẹ̀, mo béèrè pé, “Ta ni ó ń wo ibi omi?” Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn obìnrin náà dáhùn pé, “Gbogbo wa ni.”

Nítorí ìdáhùn yìí ni mo ṣe gba ìpè Alága láti sọ̀rọ̀. Wọn kò purọ́. Gbogbo wọn ni ó ń wò, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé bí òun kò bá rí i, ẹnìkejì yóò rí i. Bí ó bá jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo ni ó wà ní àgbàlá náà, bóyá ni yóò kúrò nídìí omi láì bò ó. Bí a ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ojú olúkúlùkù ń fúyẹ́ sí i, àfi bí a bá ti pín ibi tí ó yẹ kí ó wò fún un.

Nítorí náà, kí a pín in. Kí ẹnu ọ̀nà ní olúwa, kí àgbàlá ní olúwa, kí ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní olúwa, kí ibi tí àwọn ìkókó ń sùn sí ní olúwa. Ẹni tí ó ni ibì kan kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ kí ó tó fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní gbangba, kí ẹni náà sì dáhùn. “Àǹtí, mo fi ẹnu ọ̀nà lé yín lọ́wọ́.” “Mo gbà á.” A kò gbọdọ̀ ka orí mímì sí ìdáhùn. Bí ọmọ kan bá nílò kí a wọ bàtà fún un, kí olùtọ́jú gbé e wá sí ibi tí òun dúró sí, kí ó gbé ẹ̀yìn sí ògiri kí ó sì kọjú sí àwọn ọmọ yòókù, kí ó má ṣe lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọ kan kí ó sì kọ ẹ̀yìn sí 15. Kí a sì gbé àwọn àga gíga àti aṣọ títa tí ń dí ojú kúrò láàrin yàrá, nítorí ibi tí ojú kò bá ti lè dé, ìpín náà kò wúlò.

Ìṣòro kan wà nínú èyí tí mo mọ̀ pé ẹ ti ń rò, nítorí Yorùbá ni wá. Ọmọbìnrin tí ó kéré jù nínú àwọn olùtọ́jú ni a sábà ń fi sí ẹnu ọ̀nà tàbí sí ìdí omi, òun náà ni a sì ń rán níṣẹ́. “Lọ ra búrẹ́dì wá.” “Bá mi pe awakọ̀ yẹn.” Kò lè sọ fún ẹni tí ó jù ú lọ pé òun kò lọ, ilé tí ó ti wá kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó lọ, ibi tí ó ń wò sì di aláìlólúwa, ẹni tí ó rán an kò sì mọ̀ pé òun ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé ẹni tí ó bá rán an níṣẹ́ ni kí ó dìde lọ jókòó sí ipò rẹ̀ títí yóò fi padà dé. Bí ìyá ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì ní ojú àwọn yòókù, ẹ óò rí i pé iṣẹ́ rírán yóò dín kù.

Mo dé orí ọ̀ràn kíkà. Ní ilé jẹ́lé-ó-sinmi, a ní láti mọ iye ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wa ní gbogbo ìgbà tí a bá kọjá láti ibì kan sí ibòmíràn: nígbà tí a bá jáde sí àgbàlá, nígbà tí a bá wọlé, lẹ́yìn oúnjẹ, lẹ́yìn oorun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà sọ pé a kì í ka ọmọ fún olọ́mọ, mo sì ti rí olùtọ́jú tí ó kọ̀ láti na ìka sí orí ọmọ kí ó máa kà á ní ení, èjì. Èmi kò bá a jà. Kí ó má ka orí; kí ó pe orúkọ. Kí a kọ orúkọ àwọn tí ó wá lónìí sí ìwé kan tí ń bá wa lọ sí ibi gbogbo, kí a pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì rí ojú ẹni tí ó dáhùn. Ní ti tòótọ́, èyí sàn ju kíkà lọ. Iye lè pé kí ọmọ má pé: bí ọmọ aládùúgbò kan bá yọ́ wọlé láti bá wọn ṣeré, tí ọ̀kan nínú tiwa sì yọ́ jáde, iye yóò pé, olùtọ́jú yóò sì sùn lé e. Orúkọ ni kì í tan ni bẹ́ẹ̀. Ní ti ọkọ̀ tí ń gbé ọmọ, kí a pe orúkọ kí wọ́n tó wọ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ̀, kí ẹnìkan sì rìn dé ìjókòó tí ó kẹ́yìn pátápátá kí ó fi ọwọ́ kan ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó sùn lọ sábẹ́ ìjókòó kì í dáhùn, ara ọmọdé sì ń gbóná kánkán ju ti àgbà lọ nínú ọkọ̀ tí a tì nínú oòrùn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀ràn omi, nítorí òun ni ó sún mọ́ yín jù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní 2002, nígbà tí ilé ìkóhun-ìjà-pamọ́ sí ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà gbiná, tí àwọn bọ́ǹbù sì bẹ̀rẹ̀ sí bú. Àwọn ènìyàn sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sá wọ inú omi odò tí a gbẹ́ ní Òkè-Afá, nítòsí ibi tí a wà yìí. Òkùnkùn ti ṣú, ewéko sì bo ojú omi náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ilẹ̀. Ju ènìyàn 1,000 lọ ni ó kú nínú àjálù náà, púpọ̀ nínú wọn nínú omi yìí, ọ̀pọ̀ ọmọdé sì wà láàrin wọn. Ibi ìrántí wọn wà ní Òkè-Afá títí di òní. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá òbí kankan lẹ́bi fún alẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn òbí wọn nínú ìjì náà, ọmọ ọdún mẹ́ta tí a bá sì bi ní orúkọ ìyá rẹ̀ yóò dáhùn pé, “Mọ́mì.” Nítorí náà, ní ilé jẹ́lé-ó-sinmi kọ̀ọ̀kan, kí olùtọ́jú kọ̀ọ̀kan mọ orúkọ àwọn ọmọ tí òun yóò kó jáde bí ìbẹ̀rù bá dé, kí gbogbo wọn mọ ibi tí wọn yóò ti pàdé, kí ibẹ̀ má sì jẹ́ ọ̀nà odò. Kí a rán nọ́mbà fóònù òbí mọ́ inú aṣọ ọmọ. Mo ní inú, kì í ṣe ìta, nítorí ẹni ibi tí ó bá ka orúkọ ọmọ lára aṣọ rẹ̀ yóò pè é bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Odò nìkan kọ́ ni omi. Orí ọmọ kékeré wúwo ju bí ara rẹ̀ ti rí lọ, nítorí náà, bí ó bá tẹ̀ wo inú bokẹ́ẹ̀tì, orí ni yóò kọ́kọ́ wọlé, apá rẹ̀ kò sì ní agbára láti ti ara rẹ̀ padà. Omi tí kò jìn ju ìbú ọwọ́ àgbà lọ ti tó láti bo imú àti ẹnu rẹ̀. Kò lè kígbe, nítorí ẹni tí omi wà ní ẹnu rẹ̀ kò ní èémí tí yóò fi kígbe. Gbogbo wa ni a ń rò pé a óò gbọ́ nígbà tí ọmọ bá ṣubú sínú omi; irọ́ ni, a kò ní í gbọ́. Ní àdúgbò tí a ti ń ra omi, tí a sì ń fi kẹ́ẹ̀gì àti àgbá pa á mọ́, kò sí bí a ti lè ní kí omi má sí nílé. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí àgbá ní ìdérí tí ọmọ kò lè ṣí, kí a da bokẹ́ẹ̀tì nù kí a sì dojú rẹ̀ dé ilẹ̀ ní kété tí a bá lò ó tán, kí ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ sì ní ìdè ní òkè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò dé.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé owó ńlá ni ṣíṣọ́ ọmọ ń fẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ṣe ní Bangladesh, ilẹ̀ tí adágún omi wà lẹ́yìn ilé púpọ̀. Wọ́n dá àwọn ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ ní àwọn abúlé, wọ́n pè wọ́n ní Anchal. Yàrá obìnrin abúlé lásán ni. Obìnrin náà pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ kan a máa tọ́jú ọmọ bí 25, tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin oṣù mẹ́sàn-án sí nǹkan bí ọdún mẹ́rin, láti agogo 9 òwúrọ̀ títí di agogo 1 ọ̀sán, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Wákàtí wọ̀nyí ni wọ́n yàn nítorí pé nígbà náà ni àwọn ìyá ń dáná tí wọ́n sì ń fọ aṣọ, nígbà náà sì ni àwọn ọmọ ń rì jùlọ. Ìwádìí tí a ṣe lórí iṣẹ́ yìí láàrin 2013 sí 2015 fi hàn pé ikú omi láàrin àwọn ọmọ tí ń lọ sí ibẹ̀ fi 88 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ń gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú nísinsìnyí pé kí wọ́n ṣe irú rẹ̀. Kò sí ohun ìyanu nínú yàrá náà. Obìnrin kan ni ó wà níbẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ní wákàtí mẹ́rin yẹn ju kí ó wo ọmọ lọ.

Ọmọ mélòó ni olùtọ́jú kan lè wò? Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ lórí Ẹ̀kọ́ tí a tẹ̀ jáde ní 2004 fi olùkọ́ kan fún ọmọ 25 ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin wọn kò gbà ju ọmọ mẹ́ta lọ fún olùtọ́jú kan bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún méjì. Fún ọmọ ọdún méjì, mẹ́rin ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di márùn-ún ní 2023, àwọn òbí púpọ̀ kò sì fẹ́ ẹ. N kò sọ pé kí ìyá ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìsọlọ̀ gba olùtọ́jú kan fún ọmọ mẹ́ta. Owó tí àwọn òbí ń san kò lè ru ú, ẹ̀yin náà sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ 25 tí ó ti pé ọdún márùn-ún yàtọ̀ gédégédé sí ọmọ 25 tí ń rákòrò, ẹni tí ó bá sì fi àwọn méjèèjì sí yàrá kan náà lábẹ́ ojú kan ti fi ọmọ tí ó kéré jù ṣòfò. Kí a kọ́kọ́ fi ojú fún àwọn tí kò tíì lè sọ̀rọ̀.

Ibi tí ó ṣòro jù láti sọ̀rọ̀ lé lórí ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tí ń ba ọmọ jẹ́ kì í sábà jẹ́ àjèjì. Ẹni tí ọmọ mọ̀ ni, tí òbí sì ń kí. Kò yẹ kí àgbà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, ìbátan oní-ilé-ẹ̀kọ́ tàbí awakọ̀, dá wà pẹ̀lú ọmọ ní ibi tí ojú ẹlòmíràn kò lè dé. Kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí díẹ̀, kí ẹni tí ó ni ọ̀nà ibẹ̀ sì lè rí ẹni tí ó wọlé àti bí ó ti pẹ́ tó. Bí olùtọ́jú rere bá bínú sí òfin yìí, kí a sọ fún un pé òfin náà ń dáàbò bo òun pẹ̀lú, nítorí ẹni tí a rí kò ṣeé fẹ̀sùn èké kàn. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé láti 2007, àṣẹ gómìnà tí ó jáde ní 2016 sì pa á láṣẹ pé kí àwọn ilé tí ń tọ́jú ọmọ ní ìlànà tí wọ́n fi ń dáàbò bò wọ́n. Òbí ní ẹ̀tọ́ láti ní kí a fi ìlànà náà han òun.

Ní ti ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, ẹ dákun, ẹ má ṣe rán ọmọ ọdún méje wá láti mú àbúrò rẹ̀ kọjá láàrin kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọkọ̀ tí ń fi ẹ̀yìn rìn. Bí àjèjì bá sì dé tí ó ní, “Ìyá rẹ̀ ni ó rán mi,” kí olùtọ́jú pe ìyá náà lórí nọ́mbà tí ó wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe èyí tí àlejò náà mú wá. Bí àlejò bá bínú, kí ó bínú.

Nígbà tí ọmọ bá sùn, àwa náà a máa fẹ́ sinmi, nítorí náà ni mo ṣe dúró díẹ̀ lórí oorun. Ẹ̀yìn ni kí a fi ìkókó lélẹ̀, kí ojú rẹ̀ wo òkè, kí ìrọ̀rí tàbí aṣọ wúwo má sí nítòsí imú rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ìyá ní èyí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1991, ikú òjijì lójú oorun dín kù gidigidi níbẹ̀. Kí ẹni tí ó ni ibẹ̀ máa lọ wo èémí wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Kí a má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ fèrèsé wọn, nítorí èéfín rẹ̀ ní oró kan tí kò ní òórùn tí a lè fi mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì fún ọmọ ọlọ́mọ ní oògùn kankan kí ó lè sùn tàbí kí ó lè dákẹ́. Ní òpin 2008 wọ 2009, oògùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ju ọmọ 80 lọ ní orílẹ̀-èdè yìí, nítorí oró tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó fún wọn fẹ́ràn wọn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn rírọ ọmọ. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà rọ púpọ̀ nínú wa ní ẹ̀kọ àti àgbo, a sì yè. Ṣùgbọ́n olùtọ́jú tí ó ní ọmọ mẹ́jọ láti bọ́ kí agogo méjìlá tó lù yóò rọ ọ́ kánkán, bí ọmọ náà bá sì ń sọkún, ọ̀nà èémí ni ògì ń gbà. Kí ọmọ jókòó, kí a fi ṣíbí bọ́ ọ, kí a dúró dè é. Kí a má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní odidi ẹ̀pà. Bí nǹkan bá há ọmọ lọ́fun, tí kò lè sọkún tàbí wúkọ́, kí a dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàrin èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, kí a yí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan padà kí a tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Èyí tí ó ti ju ọdún kan lọ, kí a dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí a di ọwọ́ sí òkè ìdodo rẹ̀ kí a sì fà á wọ inú àti sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kí a máa ṣe é bẹ́ẹ̀ ní àṣetúnṣe títí ohun náà yóò fi jáde. Ẹ má ṣe ki ìka bọ ọ̀fun tí ẹ kò rí nǹkan nínú rẹ̀. Kí ẹnìkan sì ti máa pe 112 tàbí 767 nígbà tí èyí ń lọ, kí a sì mọ ọ̀nà Ilé Ìwòsàn Ìjọba tí ó wà ní Ìsọlọ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

Ní ti ilé fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ kò gbàgbé Ìta Fàájì ní Èkó, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, nígbà tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé wà ní òkè rẹ̀ wó, tí 20 ènìyàn sì kú. Kí òbí wo ògiri kí ó tó wo àwòrán tí a kùn sí i lára. Kí àtẹ̀gùn ní ìlẹ̀kùn kékeré ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Kẹrosíìnì àti òtapiápiá kò gbọdọ̀ wọ inú ìgò ohun mímu láéláé, ìbáà ṣe fún ọjọ́ kan.

Ó ku ohun kan tí kò sí ní ayé àwọn ìyá àgbà wa: fóònù. Àwọn òbí kan ń bínú bí olùtọ́jú kò bá tètè fi àwòrán ọmọ ránṣẹ́ ní ọ̀sán. Ẹ mọ̀ dájú pé ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń ya àwòrán ọmọ yín tí ó sì ń fi í ránṣẹ́, ojú rẹ̀ kò sí lára ọmọ yín, kò sì sí lára ọmọ ẹnikẹ́ni. Èmi yóò ní kí fóònù gbogbo olùtọ́jú wà nínú àpótí kan láti òwúrọ̀, kí ẹyọ kan ṣoṣo wà fún ìpè tí ó ṣe pàtàkì, kí ẹyọ náà sì ní olúwa tirẹ̀.

Bí ẹ bá gbé ọmọ yín lọ ní ọ̀la, ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ ìyá ilé-ẹ̀kọ́ bóyá wọ́n ń ṣọ́ àwọn ọmọ dáradára, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ni yóò dáhùn. Ẹ na ọwọ́ sí ibi omi, kí ẹ sì béèrè pé, “Ta ni ó ni ibí yìí lónìí?” Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ ènìyàn kan, tí ẹ sì rí ẹni náà níbẹ̀, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kí ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá gbọ́ pé, “Gbogbo wa ni,” ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, kódà bí ọkọ̀ bá fẹ́ lọ. Alága ti ń wo aago, mo sì rí ọwọ́ méjì tí ó ti nà sókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ó yẹ kí a gbọ́ ìbéèrè wọn.